Àwọn Ọmọ Wa Tí Ń Ṣòwò Ní Ìdálẹ̀

Bí a bá gbé àwo obì síwájú àlejò, ẹni tí ó bá bu gbàǹja jẹ kì í sábà rántí pé orúkọ ilẹ̀ kan ni ó ń pè. Gonja ni ilẹ̀ náà, ní ìhà àríwá ibi tí a ń pè ní Gáná lónìí. Ọjà ibẹ̀ ni obì náà sì ń gbà wá sọ́dọ̀ àwọn baba ńlá wa láyé àtijọ́. A fi èyí ṣáájú ọ̀rọ̀ wa nítorí pé àwọn kan láàárín wa a máa wí pé ńṣe ni àwọn ọmọ wa tí ń ṣòwò ní ilẹ̀ òkèèrè sá kúrò nílé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà òwò ti wà kí ọ̀nà mọ́tò tó dé, alájàpá kì í sì í ṣe ìsáǹsá.

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì la rélùwéè àti ọ̀nà mọ́tò sí ilẹ̀ Góòlù Kóòsì, àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Ìnísà, Ìlọrin, Ṣakí, Ìgbẹ́tì àti Ìgbòho wọ́ lọ síbẹ̀ lọ́kùnrin lóbìnrin, láti Akra dé Kúmásí, láti Kúmásí dé Tàmálè. Báwo ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀? Báńkì kò yá wọn lówó, ìjọba kò sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹni tí ó kọ́kọ́ lọ a gbé igbá rù, a kiri ọṣẹ, ìṣáná, abẹ́rẹ́ àti òwú títí yóò fi ní ìsọ̀ tirẹ̀. Nígbà náà ni yóò ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n jẹ́ kí àbúrò òun máa bọ̀. Àbúrò yóò sìn ín fún ọdún mélòó kan, yóò bá a kiri, yóò bá a ṣọ́ ìsọ̀. Bí àkókò bá tó, ẹ̀gbọ́n yóò kó ọjà fún un láti fi dá dúró, òun náà yóò sì ránṣẹ́ pe ẹlòmíràn. Àwọn obìnrin wọn kò fẹ̀yìn ti ọkọ. Olúkúlùkù ní òwò tirẹ̀, owó rẹ̀ sì yàtọ̀ sí owó ọkọ rẹ̀. Èsúsú ni wọ́n fi ń kó owó jọ, àwìn ni wọ́n sì fi ń gba ọjà.

Ṣùgbọ́n ta ni ń ṣe onígbọ̀wọ́ àwìn náà? Ibí yìí ni a fẹ́ kí ẹ bá wa dúró sí díẹ̀. Ilé ni onígbọ̀wọ́. Bí ọmọkùnrin kan bá gba ẹrù aṣọ lọ́wọ́ ará ìlú rẹ̀ ní Kúmásí tí ó sì sá lọ, kì í ṣe ọlọ́pàá ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. Agboolé rẹ̀ nílé ni, orúkọ burúkú náà yóò sì ti jókòó dè é lẹ́nu ọ̀nà kí ó tó dé. Nítorí náà ni olówò fi ń bi ọmọ tí ó wá gba ọjà pé, “Ọmọ ta ni ọ́? Agboolé wo ni o ti wá?” kí ó tó bi í pé èló ni ó mú lọ́wọ́. Èdè, oríkì, ìkíni, ìpàdé ọmọ ìlú, ojú owó ni gbogbo wọn. Àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà tí ń ta aṣọ láwìn káàkiri ilẹ̀ wa níhìn-ín mọ ohun tí à ń wí: ẹni tí kò mọ ilé oníbàárà, níbo ni yóò lóṣòó sí? Àwọn kan nínú àwọn ọ̀mọ̀wé wa a máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àṣà jẹ́ ohun ọ̀ṣọ́ tí a ń gbé wọ̀ lọ́jọ́ ọdún, lẹ́yìn tí òwò bá ti mú owó wá. Ní Góòlù Kóòsì, àṣà ni ó mú owó wá.

Ìsọ̀ sì ni ilé-ẹ̀kọ́. Ọmọ tí a bí sí Tàmálè, tí ń bá àwọn ọmọ Dàgóńbà ṣeré láàárọ̀ dalẹ́, ìdí àtẹ ìyá rẹ̀ ni ó ti kọ́ pé ogójì ó dín méjì ni méjìdínlógójì. Níbẹ̀ ni ó ti mọ ẹni tí a ń dọ̀bálẹ̀ fún àti ẹni tí a ń pè ní ẹ̀gbọ́n. Kò sí ẹni tí ó pè é jókòó láti kọ́ ọ.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Ọ̀mọ̀wé Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí ó kó jáde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wa kò ní ìwé, nítorí pé abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni wọ́n wà nígbà tí wọ́n lọ, ẹnikẹ́ni kò sì bi wọ́n léèrè rí. Ọjà tí wọ́n fi ogún ọdún kó jọ di ohun tí a ń tà ní ọ̀pọ̀. Owó tí ó wà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà wọ igbó. Òfin 1970 sì ti ilẹ̀kùn òwò kéékèèké mọ́ àlejò. Òyìnbó kan, J. S. Eades, kọ ìtàn àwọn tí ó wà ní ìhà àríwá sínú ìwé rẹ̀ Strangers and Traders, tí a tẹ̀ jáde ní 1993. Ìlú mélòó nínú àwọn tí ó bí wọn ni ó ti kọ tiwọn?

A kò ní fi èyí bú ará Gáná. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, ìjọba tiwa náà lé wọn, ó ju ọ̀kẹ́ lọ́nà àádọ́ta ènìyàn tí a wí pé kí wọ́n máa lọ, àpò tí wọ́n fi kó ẹrù sì ń jẹ́ Ghana Must Go lọ́jà wa títí di òní. Ẹnu tí a fi sunkún ní 1969 kò yẹ kí ó yin èyí.

Èyí tí ó dùn wá jù ni bí a ti gba àwọn ọmọ wa nígbà tí wọ́n dé. Àwọn ọmọ tí ń sọ Twi, tí Yorùbá wọn sì ń rọ̀ lẹ́nu, a fi wọ́n rẹ́rìn-ín. “Ọmọ Gáná” ni a pè wọ́n nínú ilé tí owó baba wọn kọ́. Lóhùn-ún wọ́n jẹ́ àlejò, nílé wọ́n tún di àlejò.

Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì di ìtàn. Ẹ lọ sí Èjìgbò, ẹ ó gbọ́ Faransé lẹ́nu àwọn ọmọ tí wọ́n ti Abidjan bọ̀, ọkọ̀ akérò sì ń lọ tààrà láti ibẹ̀ dé Côte d'Ivoire. Àǹfààní ni Faransé wọn. A kò rí àbùkù kankan nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí wọ́n ṣí ìsọ̀ oúnjẹ àti ti aṣọ sí Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n baba tí ó rí jẹ nínú òwò kò fẹ́ kí ọmọ òun jókòó ti àtẹ. Ó rán an lọ sí ilé-ìwé kí ó lè di dókítà tàbí lọ́yà. Ó ṣe dáadáa. Ohun tí kò kíyèsí ni pé nígbà tí ó mú ọmọ kúrò ní ìdí ìsọ̀, ó mú un kúrò ní ibi kan ṣoṣo tí ọmọ náà ti ń fi èdè wa ṣe iṣẹ́. Bí ó bá wá ń bá a sọ Gẹ̀ẹ́sì nílé, níbo ló kù?

Àwa tí a wà nílé kò sì ràn án lọ́wọ́. Bí a óò bá tún ààfin ṣe, bí a óò bá kọ́ gbọ̀ngàn ìlú, a mọ àdírẹ́sì wọn. Orúkọ wọn wà nínú ìwé owó. A kò rí orúkọ àwọn ọmọ wọn nínú ìwé ìdílé kankan. Àwọn àgbà kan yóò wí pé owó ìdàgbàsókè kò tó omi àti ọ̀nà, kí a má tún bu èèkàn rẹ̀ fún ohun mìíràn. Òtítọ́ ni pé kò tó. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ta ni ìlú yóò ti gba owó náà ní ogún ọdún sí i, bí ọmọ tí a bí sí Abidjan tàbí Lọ́ńdọ̀nù kò bá mọ̀ pé òun ní ìlú kan?

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí ìlú kọ̀ọ̀kan tí ń gba owó lọ́wọ́ ẹ̀ka rẹ̀ ní ìdálẹ̀ dá ìdá kan nínú mẹ́wàá padà, kí ẹ̀ka fi san owó olùkọ́ Yorùbá kan fún àwọn ọmọ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Kí mọ́gàjí kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ àwọn ọmọ tí a bí sí ìdálẹ̀ sínú ìwé agboolé, lọ́kùnrin lóbìnrin, kí ó sì fi ilẹ̀ tí ó tọ́ sí wọn hàn wọ́n. Àti pé, bí wọ́n bá wá sílé fún ìsinmi, ẹ má ṣe fi wọ́n sí hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá ìyá àgbà lọ sọ́jà fún ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n máa gba owó, kí wọ́n máa ka ṣẹ́ńjì. Ìpàdé àwọn ọmọ ìlú ní Iléyá àti Kérésìmesì kò ní pẹ́ dé. Kí akọ̀wé kọ̀ọ̀kan kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé ohun tí a óò jíròrò, kí ó sì fi èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa kí a lè tẹ̀ ẹ́ jáde níhìn-ín.