Ẹ̀yin Adájọ́ Ìdíje Ìwé, Ìpínrọ̀ Kan Kọ́ Ni Ìtàn

Ẹ̀yin adájọ́ ìdíje ìtàn-àròsọ Yorùbá,

Inú mi kò dùn. Níbi ìjókòó ìdájọ́ kan tí èmi náà wà, alàgbà kan gbé ìwé àfọwọ́kọ ọ̀dọ́bìnrin kan, ó ka ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, ó sì tì í sápá kan. Ó ní, "Ìtàn ìfẹ́ ayé àtijọ́ ni wọ́n pe èyí. Ìfẹ́ ọ̀hún dà?" Iṣu àti ẹ̀tù ìbọn ni wọ́n ń kà nínú ìpínrọ̀ náà, ní bùdó Ìbàdàn lẹ́bàá Ìgbájọ, nígbà ogun Kírìjì. Èmi ti ka ìwé náà tán. Mo sọ̀rọ̀, wọ́n ní àkókò ti lọ.

Ó ń dùn mí títí dòní. Orí iṣu àti ẹ̀tù yẹn gan-an ni ìfẹ́ ọmọge àti àfẹ́sọ́nà inú ìwé náà dúró lé. Ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn rẹ̀ ní 1886, síbẹ̀ tí kò tán pátápátá títí di 1893, ṣé kò ní í pinnu ọdún tí wọn yóò ṣe ìdána ọmọge? Nígbà tí ẹ̀tù kò bá tán ní bùdó, àfẹ́sọ́nà kò ní í wálé.

Ohun tí ẹ ń wá kò ṣàjèjì sí mi: omidan tó ń pọnmi lódò, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí tó ń dún, ọ̀dọ́kùnrin tó wò ó títí tó fi kọsẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tún ìwé àfọwọ́kọ ṣe fún ìtẹ̀wé, ìpínrọ̀ yìí kan náà ni àwọn tó gbọ́ pé òun lẹ fẹ́ ń gbé wá. Ẹ gbé e sí ayé Ọ̀yọ́ Ilé, ẹ gbé e sí ìgbà òyìnbó, kò sóhun tó yí padà. Ìtàn àtijọ́ tó bá gbogbo ìgbà mu kì í ṣe ti ìgbà kankan.

N ó gbà fún yín níbi kan. Ìwé a máa pọ̀, owó iṣẹ́ kì í tó nǹkan, ìpínrọ̀ kan sì lè fi ẹni tí kò mọ èdè kọ hàn. Ṣùgbọ́n kò lè sọ bí ìfẹ́ ṣe dàgbà.

Nígbà tí Isaac B. Thomas ń kọ ìtàn Sẹ̀gilọlá, lẹ́tà lẹ́tà ló ń jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó láti 1929 wọ 1930, àwọn òǹkàwé sì ń tẹ̀lé e lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá wà níbẹ̀, lẹ́tà kìíní lẹ ò bá fi parí ẹjọ́.

Èsì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ̀dọ́bìnrin tó kọ ìwé Kírìjì yẹn kò ju ìlà kan lọ: kò sí ìfẹ́ nínú iṣẹ́ rẹ. Ẹni tó kọ ọ́ kò ṣí ojú ìwé kejì.

Mo bẹ̀ yín, ẹ máa ka orí kìíní tán, ó kéré tán. Ẹni tí kò bá ráyè, kó má gba iṣẹ́ náà. Kí a dájọ́ ìwé tí a kò kà, àbòsí ni.