Páànù Tó Dé Lẹ́yìn Òjò Méjì

Ọ̀nà kan wà tí àwọn olùdíje ń gbà tọrọ ìbò lọ́wọ́ àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé lókè Ọya, tó yẹ kí ojú ti ẹni tó ń fúnni, kí ojú sì ti ẹni tó ń gbà. Ọ̀nà náà ni páànù. Láàárín oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, nígbà àkọ́rọ̀ òjò, ni ìjì máa ń ṣí òrùlé Sábọ́n Gàrí, tó ń wó ògiri ilé ẹ̀kọ́, tó ń gbé àtíbàbà ọjà kọ́ orí wáyà iná. Ṣùgbọ́n ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n sábà máa ń dìbò, nígbà tí ọyẹ́ kò tíì káńgárá ẹrù rẹ̀ tán. Ìdí nìyẹn tí páànù olùdíje fi máa ń dé nígbà tí kò sí ìkùukùu kan lójú ọ̀run. Opó tí ìjì ṣí ilé rẹ̀ ti sùn lábẹ́ ọ̀rá títí òjò méjì fi kọjá; oṣù kan ṣáájú ìdìbò ni wọ́n tó gbé páànù mẹ́ta fún un, tí wọ́n sì ní kó dúró kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó lè dá ìjì dúró. Àwọn àgbà tó pe ìjì ní Ọya, tí wọ́n tún pe odò ńlá tí ará ìlú rékọjá wá sí ìhà àríwá ní Ọya, kò ṣèèṣì: ẹni tó bá kọ́lé sí òdìkejì odò náà mọ̀ pé àwọn méjèèjì yóò máa pàdé. Ohun tó wà lọ́wọ́ ènìyàn ni ohun tí ìlú ń ṣe ní ọjọ́ kejì, ìlú kékeré kan ní Amẹ́ríkà sì ti fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn.

Greensburg ni orúkọ rẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Kansas. Àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí 1,400 lọ nígbà náà. Àdúgbò Yorùbá kan ní Kano tàbí Kaduna lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kànga ńlá kan tí wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́, tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 109, ni ayé fi mọ ìlú náà. Ní alẹ́ ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún ọdún 2007, ìjì tó ń yí bí òkòtó, irú èyí tí àwọn àgbà ń pè ní ààjà, tó fẹ̀ ju máìlì kan àbọ̀ lọ, gba àárín ìlú kọjá. Fèrè ìkìlọ̀ ti dún ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ṣáájú, àwọn ènìyàn sì ti sá sí yàrá abẹ́ ilé. Bí kì í bá ṣe fèrè yẹn, òkú ìbá pọ̀ ju bí 11 tó sùn lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, nínú ọgọ́rùn-ún ilé, bíi márùn-ún péré ló ṣẹ́kù. Kànga náà wà níbẹ̀.

Gómìnà ìpínlẹ̀ náà nígbà náà, Kathleen Sebelius, kò dúró de àsìkò ìpolongo kó tó sọ̀rọ̀. Ó sọ ní gbangba, kí ìjọba àpapọ̀ lè gbọ́, pé ọkọ̀ àti irinṣẹ́ tó yẹ kí àwọn ẹ̀ṣọ́ ìpínlẹ̀ òun fi kó àwókù wà lójú ogun ní Iraq. Àwọn ará ìlú ní tiwọn ń pàdé lábẹ́ àgọ́ ńlá kan, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn, nítorí kò sí gbọ̀ngàn tó ní òrùlé mọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti jiyàn lórí irú ìlú tí wọn yóò tún kọ́. Ní oṣù kejìlá ọdún kan náà, ìgbìmọ̀ ìlú fi òǹtẹ̀ lu ìpinnu pé gbogbo ilé tuntun ti ìjọba ìlú tí fífẹ̀ rẹ̀ bá ju ẹsẹ̀ bàtà 4,000 lọ gbọ́dọ̀ dé òkè òṣùwọ̀n àwọn ilé tí kì í fi iná àti omi ṣòfò. Olórí ìlú tí ìjì bá lórí oyè ti fipò sílẹ̀ láìpẹ́ lẹ́yìn ìjì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò dúró, nítorí pé wọ́n kọ ìpinnu sílẹ̀, ẹni tó dé lẹ́yìn rẹ̀ sì bá a nílẹ̀. Nígbà tó fi di ọdún 2010, ẹ̀rọ mẹ́wàá tí atẹ́gùn ń yí ti ń mú iná wá nítòsí ìlú tí atẹ́gùn wó.

Wọn yóò ní Amẹ́ríkà lówó. Ó lówó lóòótọ́, síbẹ̀ owó náà kò wo gbogbo egbò sàn: 777 ènìyàn ni wọ́n kà ní Greensburg lọ́dún 2010. Ní Joplin, ìpínlẹ̀ Missouri, níbi tí ìjì ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún 2011 ti pa ènìyàn tó lé ní 150, ìgbìmọ̀ ìlú gbé àtúnkọ́ ìlú lé ilé iṣẹ́ kan láti Texas lọ́wọ́. Nígbà tó di ọdún 2015, ilé iṣẹ́ náà ti dẹnu kọlẹ̀, ọ̀pọ̀ ìlérí rẹ̀ kò sì sí nílẹ̀. Àgbákò bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó mọ agbaṣẹ́ṣe Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n olùyẹ̀wò owó ìpínlẹ̀ Missouri tú ìwé ìlú náà wò, ó sì tẹ àléébù inú rẹ̀ jáde fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kà á. Ìlú kan náà ni ó ṣí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n ti dá tẹ́lẹ̀, ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ, kò tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìjì. Inú ilé ìtajà ńlá ni àwọn kan lára àwọn ọmọ náà ti kàwé.

Ní Nàìjíríà, láti ọdún 1981 ni wọ́n ti ń ya owó àkànlò sọ́tọ̀ fún ìbàjẹ́ àyíká. Ọdún 1999 ni òfin gbé àjọ NEMA kalẹ̀, tó sì là á sílẹ̀ pé kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àjọ tirẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ìjì ṣí ilé rẹ̀ kì í ṣe alágbe lọ́dọ̀ olùdíje kankan. Àwọn aláṣẹ tó ń fi ìjì bojú jọ ọ̀bùn tó rí ikú ọkọ tìrọ̀ mọ́: òrùlé ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní ju ìṣó díẹ̀ lórí igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti wà lójú ọ̀nà àtilọ kí ìjì tó dé. Páànù tuntun lórí igi tí kò sí ìdè tó so ó mọ́ ògiri, ìjì tó ń bọ̀ ni wọ́n rà á fún.

Òfin Ìdìbò ọdún 2022, nígbà tirẹ̀, kò sọ pé kí olówó má ṣàánú. Àdéhùn ìbò ló ń sọ ọrẹ di ẹ̀ṣẹ̀. Lábẹ́ òfin ọdún 2022 yẹn, ẹni tó gba nọ́ńbà káàdì ìdìbò opó kó tó yọ páànù sílẹ̀ fún un ti ko ara rẹ̀ lójú sí abala 121, abala náà kò sì yọ ẹni tó gbà á nítorí ìbò sílẹ̀ nígbà náà: owó ìtanràn tó lè tó ₦500,000, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 12, tàbí méjèèjì. Ohun mìíràn wà tí àwọn tó ń pín páànù kì í mẹ́nu bà. Káàdì ìdìbò tí òjò bàjẹ́ tàbí tí ìjì gbé lọ, abala 18 òfin ọdún 2022 ní nígbà náà pé kí ẹni tó ni ín fúnra rẹ̀ tọ àjọ INEC lọ, ó kéré tán 90 ọjọ́ ṣáájú ọjọ́ ìdìbò. Nígbà tí ọkọ̀ páànù bá fi dé, àkókò yẹn sábà máa ń ti kọjá. Òrùlé lọ, ohùn náà sì lọ.

Ẹ̀bi náà kan àwọn àgbààgbà àdúgbò. Aṣọ ẹbí ni àwọn kan wọ̀ lọ gba páànù, wọ́n sì pín in fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú tiwọn. Ìwé ńlá kan tí wọ́n ń rà fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ti tó fún òpópónà kan: orúkọ onílé, orúkọ ayálégbé, ọjọ́ tí ìjì jà, ohun tó bàjẹ́, ìfọwọ́sí ẹlẹ́rìí méjì. Kí ẹ̀dà rẹ̀ dé ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ àti àjọ ìpínlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí òǹtẹ̀ ìgbàwé sì wà lára èyí tí àdúgbò fi pamọ́.

Ìwé yẹn ló yẹ kó wà lórí tábìlì nígbà tí àwọn olùdíje bá wá bá ará ìlú sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń du ipò alága, kó sọ orúkọ òṣìṣẹ́ tí yóò wọ àdúgbò ní ọjọ́ kejì ìjì. Ẹni tó bá sì ní òun ti pín páànù nínú wọ́ọ̀dù yìí, kó mú orúkọ àwọn tó gbà á wá, pẹ̀lú ọjọ́ tí ìjì ṣí ilé wọn àti ọjọ́ tí páànù dé.