Ẹni tí kì í mutí náà, àlejò ni

Lóde ìnáwó ní Ugbolokposo, a kì í fi ọ̀rọ̀ ọtí ṣeré. Kí olóde tó ronú kan iye àpò ìrẹsì, ó ti mọ irú bíà tí yóò wà lórí tábìlì àwọn àna, irú wáìnì tí yóò wà níwájú àwọn olóyè, àti ẹni tí yóò bá a wá ògógóró tó jíire. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó síbẹ̀ kí ẹ ní ẹ kì í mutí. Ìgò ẹlẹ́rìndòdò kan tí oòrùn ti pa ni wọn yóò nà sí yín, ẹni tó gbé e wá á sì ti kọjá lọ kí ẹ tó béèrè bóyá òmíràn wà. Mo ń sọ ọ́ láìfi bò: àìtọ́jú àlejò nìyẹn. Ẹni tí kì í mutí ra aṣọ ẹbí kan náà, orí àga kan náà ló jókòó sí, ó sì náwó fún olóde nígbà tí ijó dé. Ó yẹ kí wọ́n po ohun mímu gidi fún òun náà, ohun tó ti ara èso wá, tó tutù, tó sì ń hó nínú ife.

Ìkàrẹ́-Àkókó ni wọ́n ti bí mi, oúnjẹ òde ni mo ń sè tà. Iṣẹ́ ọkọ mi ló gbé wa dé Ugbolokposo, ní ìjọba ìbílẹ̀ Uvwie, lẹ́bàá Effurun àti Warri, ibẹ̀ la sì ti tọ́ àwọn ọmọ wa dàgbà. Mo ti dáná fún Urhobo, Itsekiri, Isoko, Ìjọ, Ìgbò àti àwa Yorùbá tó wà níbí. Kò sí òde kan nínú wọn tí àwọn tí kì í mutí kò ti pọ̀: Mùsùlùmí, ọmọ ìjọ tí ìjọ rẹ̀ lòdì sí ọtí, aláboyún, ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, awakọ̀ tó máa wa àwọn àlejò padà sí Benin lálẹ́, àti àwọn ọmọdé tí ń sáré káàkiri abẹ́ tẹ́ǹtì. Ẹ pa gbogbo wọn pọ̀, ẹ ó rí i pé ìdá ńlá nínú àwọn tí a pè ni a fi sílẹ̀ lóǹgbẹ.

Ilẹ̀ tí a wà yìí gan-an kò kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Nílẹ̀ Urhobo, bí àlejò bá wọlé, onílé yóò gbé ọtí àti obì síwájú rẹ̀, yóò fi owó tì í, yóò sì fi ọ̀rọ̀ ẹnu kí i káàbọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ohun tó bá wá. Ìyá onílé wa, tí mo máa ń kúnlẹ̀ kí pé “Migwo”, tí wọn yóò sì dá mi lóhùn pé “Vrẹndo”, kì í jẹ́ kí a fi ọwọ́ òsì gbé ife fún ọmọdé pàápàá. Ọ̀wọ̀ ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Bí ọ̀wọ̀ bá ni ìdí tí a fi ń gbé ọtí fún àlejò, ẹni tí ẹ̀sìn tàbí àìlera kò jẹ́ kó mutí kò gbọ́dọ̀ pàdánù ọ̀wọ̀ tirẹ̀.

Àwọn òyìnbó ní ìgbà ooru wọn tí wọ́n fi ń ṣe fàájì lẹ́yìnkùlé. Tiwa bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kejìlá títí Àjíǹde yóò fi kọjá. Ìgbà yẹn ni ìgbéyàwó, ìsìnkú àgbà àti ìpadàbọ̀ àwọn ará ìlú máa ń rọ́ lu ara wọn. Ooru Warri kò dà bíi ti Ìkàrẹ́ tó máa ń gbẹ. Odò àti irà ló yí wa ká, òógùn kì í tètè gbẹ lára. Àsìkò yìí kan náà ni èso ń ya dé ọjà: ọsàn, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, bàrà olómi tí ọkọ̀ ń kó wá láti òkè Ọya, àgbálùmọ̀ láti oṣù Kejìlá, máńgòrò láti nǹkan bí oṣù Kẹta. Ẹ lọ sí ọjà Effurun tàbí Igbudu lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ẹ ó rí àwọn ìyá ọlọ́jà tí wọ́n ń ṣa èyí tó ti rọ̀ sọ́tọ̀, tí wọ́n ń fi ojú àánú wò ó. Owó ti wọlé sí i, kò sì lè dé ọjọ́ kejì. A wá fi èyí sílẹ̀ lọ́jà, a lọ ra páálí omi ṣúgà.

Ẹlòmíràn yóò ní ṣebí a ní Chapman. Òótọ́ ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé Sam Alamutu, tó ń po ohun mímu ní Ikoyi Club l'Ékòó, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1938, ló kọ́kọ́ ṣe é fún oníbàárà kan tó ń jẹ́ Chapman. Fanta, Sprite, omi dídùn pupa tí wọ́n ń pè ní grenadine, ẹ̀kán bitters díẹ̀, kùkúńbà àti ọsàn kíkan tí wọ́n gé pẹlẹbẹ: ọmọ ilẹ̀ wa ló kó ìwọ̀nyí jọ, tó sọ wọ́n di ohun tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun méjì ń dùn mí nípa Chapman òde òní. Èkíní, ṣúgà ni wọ́n ń dà lé ṣúgà, èso kò sì ju ẹ̀ṣọ́ etí ife lọ. Èkejì, wọ́n ń gbé e fún àwọn ènìyàn pé kò sí ọtí nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, Angostura, bitters tí wọ́n sábà ń kán sí i, èyí tí dókítà ará Jámánì kan, Johann Siegert, ṣe ní Fẹnẹsúẹ́là ní 1824, ní ọtí tó tó ìdá 44.7 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀kán díẹ̀ ni wọ́n ń kán sínú ife lóòótọ́, ṣùgbọ́n Mùsùlùmí tí ẹ gbé e fún ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ kó tó gbé e sẹ́nu.

Ti ṣúgà yẹn kò ṣeé gbójú fò. Nínú mílílítà 100 kólà gidi, ṣúgà máa ń tó nǹkan bíi gíráàmù 10. Ìgò 50cl kan lè ní 50 gíráàmù. Ní 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbani níyànjú pé kí ṣúgà tí a ń fi kún oúnjẹ má ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí oúnjẹ òòjọ́ ń fún wa, ó sì sàn jù bó bá lọ sílẹ̀ sí ìdá 5, tí í ṣe nǹkan bíi gíráàmù 25 fún àgbàlagbà. Ìgò kan péré ti di ìlọ́po méjì ìyẹn. Ìjọba àpapọ̀ mọ ewu yìí, ìdí nìyẹn tí òfin ìṣúná 2021 fi gbé owó-orí náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan ẹlẹ́rìndòdò aládùn. Owó-orí kò ní í wá jókòó ti àlejò lábẹ́ tẹ́ǹtì. Olóde ló wà níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni àtúnṣe wà.

Bí mo ṣe ń ṣe tèmi fún nǹkan bí ogún àlejò nìyí. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó ńlá mẹ́rin tàbí márùn-ún tó pọ́n, tí òórùn dídùn ti ń jáde ní ìdí rẹ̀. Mo máa ń fi omi iyọ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ èèpo rẹ̀ kí n tó bó o, nítorí èèpo náà ní iṣẹ́ tí yóò ṣe. Mo lọ inú rẹ̀ nínú blẹ́ńdà, mo fi aṣọ funfun tó mọ́ sẹ́ ẹ títí màá fi rí lítà méjì. Ọsàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni mo ń fún kí n tó rí lítà kan. Ẹ má fojú kéré sísẹ́ yìí. Èèrí èso tó bá kù sínú omi ni gáàsì máa ń rọ̀ mọ́ láti fi sá jáde, ohun mímu náà yóò sì ti dákẹ́ kí àlejò tó gbé e dẹ́nu. Máńgòrò ni kò gbọràn jù lórí èyí; bí mo bá lò ó nínú oṣù Kẹrin, ìdajì lítà péré ni mo ń fi rọ́pò ọsàn díẹ̀.

Ó ku zobo. Mo máa ń yára ṣan ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta òdòdó ìṣápá pupa gbígbẹ kí yanrìn lè kúrò, mo wá sè é nínú omi tó ju lítà kan lọ díẹ̀, pẹ̀lú èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó yẹn, ata ilẹ̀ gígún àti kànáfùrù díẹ̀. Bó bá hó fún ìṣẹ́jú 15, mo sẹ́ ẹ, mo gbé e sílẹ̀ kó tutù. N kì í fi ṣúgà sí i. Kíkan rẹ̀ ni mo fẹ́, àwọ̀ pupa rẹ̀ sì rẹwà ju èyíkéyìí tí wọ́n rọ sínú ìgò lọ. Ìṣápá yìí kan náà ni àwọn ará Mẹ́síkò ń fi ṣe ohun mímu tí wọ́n ń pè ní agua de jamaica, wọ́n sì ti ra púpọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ wa. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́rin ni mo ń fún sí i kẹ́yìn.

Ohun tí yóò mú un hó ni sódà wọ́tà tí kò ní ṣúgà, lítà mẹ́ta. Àpapọ̀ rẹ̀ di lítà méje. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún yín pé ṣúgà inú omi èso kì í ṣe ṣúgà. Bí a bá ti fún èso tán, Àjọ Ìlera Àgbáyé ń kà á mọ́ èyí tó yẹ kí a dín kù. Ṣùgbọ́n nínú lítà méje tèmi, mẹ́ta péré ló ní adùn nínú, nítorí náà ṣúgà inú ife rẹ̀ kò tó ìdajì ti kólà.

Bí sódà bá wà lọ́wọ́, ẹ mọ ìwà rẹ̀. Kábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì ni gáàsì náà. Joseph Priestley, oníwàásù àti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Gẹ̀ẹ́sì, rí ọ̀nà láti fi í sínú omi ní Leeds ní 1767, nígbà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìpọntí. Láti ìgbà yẹn títí dòní, òtútù ni gáàsì yìí fẹ́. Omi tó tutù bíi yìnyín lè gbà ju ìlọ́po méjì ohun tí omi tó wà ní ìwọ̀n ooru 30 lè gbà, ooru ọ̀sán wa sì máa ń tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí ìgò tó ti gbóná fi máa ń tú yàà sí aṣọ ẹni tó bá ṣí i, tí ohun tó kù nínú rẹ̀ yóò sì tẹ́. Nítorí náà, èso, zobo àti sódà gbọ́dọ̀ ti tutù kí wọ́n tó pàdé ara wọn.

Iná kì í fìgbà gbogbo wà, nítorí náà ọjọ́ tó ṣáájú ìnáwó ni mo ti ń gé ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti bàrà olómi kéékèèké, tí mo ń jẹ́ kí wọ́n dì gbagidi nínú fìrísà. Àwọn ni mo ń dà sínú ohun mímu dípò yìnyín. Wọ́n ń mú un tutù, wọn kì í sì í sọ ọ́ di omi lásán. Yìnyín tí mo bá rà ń yí ìkòkò ohun mímu náà ká nínú kúlà ni, kì í wọ inú ife ẹnikẹ́ni, nítorí omi kànga púpọ̀ ní agbègbè wa ní irin nínú, ó sì máa ń pọ́n. Ìgbà tí àwọn àlejò bá ti jókòó tán ni mo tó ń da sódà sí i, díẹ̀díẹ̀, gba ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, mo fi ṣíbí gígùn yí i lẹ́ẹ̀kan, mo sì fi í sílẹ̀. N kì í po gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí èyí tó wà níta bá ń tán lọ, a ó po òmíràn. Bí wọ́n ti ń ṣe é la ń ṣe é kó lè rí bó ṣe ń rí.

Mo mọ ohun tí àwọn ènìyàn máa ń sọ. Wọ́n ní wàhálà ti pọ̀ jù. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ń fi odindi òru se ọbẹ̀ ẹyìn, wọ́n ń ro sítáṣì títí apá yóò fi máa ro wọ́n, wọn kò sì pe ìyẹn ní wàhálà, nítorí wọ́n gbà pé àlejò tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún ní àwọn ènìyàn á rò pé olóde háwọ́, kò lè ra ẹlẹ́rìndòdò. Ẹ gbé e sínú ìkòkò díńgí kí pupa rẹ̀ àti èso inú rẹ̀ hàn, ẹ fún un ní tábìlì tirẹ̀. Èmi kò tíì rí òde tí ẹnikẹ́ni ti wo irú rẹ̀ bí ohun òṣì. Ti ìmọ́tótó ni mo gbà pé ó tó ọ̀rọ̀. Omi tó ṣeé mu nìkan ni kí ẹ lò, kí ọwọ́ àti ohun èlò mọ́, òwúrọ̀ ọjọ́ ìnáwó ni kí ẹ fún èso, ẹ má sì tọ́jú àṣẹ́kù di ọjọ́ kejì, nítorí èso tó sùn nínú ooru ti ń di ọtí.

Àwọn ará Warri kì í gbà kí ẹnikẹ́ni ṣáájú wọn níbi ayẹyẹ. Kí wọ́n ṣáájú lórí èyí náà. Nínú ìwé ètò ìnáwó yín tó ń bọ̀, bí ẹ bá ti kọ iye páálí bíà tán, ẹ kọ ìlà kan sí i fún èso àti sódà wọ́tà. Ẹ yan ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò jẹ́ láti máa bù ú, ẹ kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sára ìkòkò ní lẹ́tà gàdàgbà, kí ẹ sì pàṣẹ pé ọ̀dọ̀ àwọn tí kì í mutí ni kí ife ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀.