Owó tí Bàbá Ìbejì ń san ní kọ̀rọ̀: ìyàwó ẹ̀ rò pé àlè ni, àṣé orúkọ lásán ni

Ká ní bátìrì fóònù Ìyá Ìbejì ò kú lálẹ́ ọjọ́ Sánńdè kan lọ́dún 2025 ni, bóyá àṣírí náà ì bá má tú. Ìyànà-Ìpájà, l'Ékòó, lòun àti ọkọ ẹ̀ ń gbé. Obìnrin náà fẹ́ pe àbúrò ẹ̀, ló bá mú fóònù ọkọ ẹ̀. Ibi tó ti ń tẹ nọ́ńbà lọ́wọ́ ni alẹ́ẹ̀tì báńkì wọlé: wọ́n ti yọ N27,000. Kò tíì pé ìṣẹ́jú kan tí òmíràn tún fi wọlé, N27,000. Kó tó gbé fóònù náà sílẹ̀, ó ti di márùn-ún. Àròpọ̀ ẹ̀, N135,000. Bẹ́ẹ̀ owó iléèwé àwọn ìbejì ṣì wà nílẹ̀, ọ̀gá iléèwé wọn sì ti kọ lẹ́tà lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Obìnrin wo ló máa rí irú nǹkan báyìí tí kò ní í rò pé ọkọ òun ti gba yàrá fún ẹnì kan níta?

"Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ̀ ń sanwó fún?"

"Owó kí ni?"

"Owó tí wọ́n yọ lẹ́ẹ̀márùn-ún lójú mi báyìí. Ẹ má parọ́ fún mi o. Tẹ́ ẹ bá ti gba ilé fún obìnrin, ẹ sọ ọ́ kí n mọ̀."

Ẹ̀rín ni ọkùnrin náà kọ́kọ́ rín, ẹ̀rín yẹn ló sì ba gbogbo nǹkan jẹ́. Igbe tí Ìyá Ìbejì fi ta ló gbé Ìyá Onílé gòkè wá láti ìsàlẹ̀. Ojú màmá yẹn ni Bàbá Ìbejì ti jẹ́wọ́: kò sí obìnrin kankan, orúkọ márùn-ún tóun ní lórí íntánẹ́ẹ̀tì lòun ń san owó ọdún wọn. Ìyá Onílé wò ó títí, ó ní, "Orúkọ kẹ̀? Wọ́n tún ń háyà orúkọ ni?"

Ìbéèrè gidi ni màmá yẹn bi o, torí púpọ̀ nínú àwọn tó ń sanwó yìí gan-an ni kò mọ̀ pé háyà ni. Dòméènì, ìyẹn àdírẹ́ẹ̀sì téèyàn ń tẹ̀ kó tó dé orí wẹ́bsáìtì, kò sẹ́ni tó ń rà á rá. Ọdún kan ni wọ́n sábà máa ń gbà á, wọn kì í sì í jẹ́ kó ju ọdún mẹ́wàá lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èyí tó bá parí sí .com, iléeṣẹ́ Verisign l'Amẹ́ríkà ló ń tọ́jú ìwé orúkọ wọn, wọ́n sì ju 150 mílíọ̀nù lọ. Lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án, 2024, Verisign gbé owó ọdún kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan sókè sí dọ́là 10.26 fún àwọn tó ń bá a tà á. Àwọn yẹn ló ń gbé èrè tiwọn lé e. Bẹ́ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni nígbà kan. Oṣù kẹsàn-án, 1995, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó ẹ̀, $100 fún ọdún méjì.

Dọ́là méjìdínlógún ni iléeṣẹ́ tí Bàbá Ìbejì ń bá ra tiẹ̀ ń gbà, wọ́n á sì ṣẹ́ ẹ sí náírà. Lọ́dún 2014, dọ́là kan ò tíì tó N200. Ta ló máa tìtorí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà bá ìyàwó ẹ̀ jà nígbà yẹn? Àmọ́ ìjọba tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà, 2023, nígbà tó fi máa di 2024, dọ́là ti kọjá N1,500. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba fọwọ́ sí ní oṣù keje, 2024, ni N70,000. Ohun tó jáde nínú àpò ọkùnrin yìí láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó oṣù méjì ẹni tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì, orí nǹkan tí ò ṣí, tí ò tà, tẹ́nì kankan ò yà wò.

Kí wá làwọn orúkọ náà? Ọ̀kan jẹ́ ti adìrẹ Abẹ́òkúta tó fẹ́ máa tà fáwọn ará London. Ó ra ìwọ̀n yáàdì mẹ́wàá, ìyàwó ẹ̀ fi rán búbà, ó parí. Èkejì ni ti ilé háyà láìsí ágẹ́ǹtì, èyí tó rà ní 2014. Ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Ẹ̀kẹrin ni ti oríkì ìlú, tó ní òun máa kó jọ kó má baà parẹ́. Ìlú mẹ́ta péré ló kọ sí i, Ìkirè, Ọ̀tà àti Ìjẹ̀bú-Igbó, lọ́dún 2016. Ẹ̀karùn-ún ni orúkọ àwọn ìbejì fúnra wọn. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sọ wọ́n lórúkọ ló gbà á, kí ẹlòmíì má baà gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ìyá Ìbejì gbọ́ èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, ó dákẹ́ díẹ̀.

Ẹ má rò pé ọkùnrin yìí nìkan ló ń ṣe é. Ẹni tó bá mọ Mowé àti Ìbafo dáadáa mọ irú ilẹ̀ tí wọ́n mọ fẹ́ǹsì yíká, tí koríko ga ju fẹ́ǹsì lọ, tí ẹni tó ni ín sì ń sanwó fáwọn ọmọ onílẹ̀ lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ sàn, owó ń gun orí ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ orúkọ ni kò sẹ́ni tó máa rà á lọ́wọ́ ẹ láéláé, bó ti wù kó dùn lẹ́nu tó. Ohun tó ń mú wọn sanwó ni pé káàdì wà níbẹ̀, ó ń yọ ara ẹ̀. Ká sòótọ́, ó tún wà nínú ẹ̀ pé ọjọ́ téèyàn bá jọ̀wọ́ orúkọ náà, ọjọ́ yẹn ló gbà pé òun ò ní í ṣe iṣẹ́ náà mọ́. Ìyẹn ló nira, kì í ṣe owó.

"Ẹ jẹ́ kí gbogbo ẹ̀ kú lọ́dún tó ń bọ̀ o jàre," Ìyá Ìbejì ló sọ bẹ́ẹ̀.

Àbúrò ẹ̀ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe n'Íkẹjà ló ní kí wọ́n fara balẹ̀. "Bọ̀dá, ímeèlì wo lẹ fi ṣí áàpù báńkì yín?"

Àfi bí wọ́n ṣe rí i pé ímeèlì tó parí sí orúkọ ilé háyà yẹn ni! Ọmọkùnrin náà ní ibẹ̀ ni ewu wà. Bí orúkọ bá kú, tí ẹlòmíì gbà á, onítọ̀hún lè ṣí ímeèlì kan náà. Gbogbo lẹ́tà tó ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ Bàbá Ìbejì, ọwọ́ ẹ̀ ló máa bọ́ sí, títí kan èyí tí wọ́n fi ń yí páásíwọọ̀dù padà. Nǹkan báyìí ti ṣe àwọn tó ju Bàbá Ìbejì lọ. Nígbà tí Kérésìmesì 1999 ń bọ̀, Microsoft gbàgbé láti sanwó orúkọ passport.com, àwọn oní-Hotmail ò rí ímeèlì wọn wọ̀ mọ́. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Michael Chaney ló fi káàdì tiẹ̀ san $35 náà, kí nǹkan tó padà bọ̀ sípò.

Orúkọ .com kì í tètè kú náà. Iléeṣẹ́ tó tà á lè fi ọjọ́ márùndínláàádọ́ta dúró de oníǹkan; lẹ́yìn ìyẹn, ọgbọ̀n ọjọ́ mìíràn wà téèyàn fi lè rà á padà lówó gọbọi; ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn ẹ̀, ó di ti ẹni tó bá yára jù. Àwọn iléeṣẹ́ kan tilẹ̀ ti máa ń lù ú ní gbàǹjo kó tó débẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n yọ káàdì kúrò kí owó má baà máa lọ fúnra ẹ̀. Wọ́n gbé ímeèlì báńkì kúrò lórí orúkọ ilé háyà. Adìrẹ àti bọ́ọ̀lù, wọ́n á jẹ́ kí wọ́n kú. Ti àwọn ìbejì, Ìyá Ìbejì ló ní kẹ́nì kankan má fọwọ́ kàn án, òun á máa dá owó ẹ̀ san.

Ó wá ku ti oríkì.

"Ẹ kọ ìlú kan ṣoṣo sí i kí ọjọ́ owó ẹ̀ tó pé," ìyàwó ẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. "Tẹ́ ẹ bá ti kọ ọ́, èmi gan-an á bá yín san án."

Bàbá Ìbejì ní Ìkòròdú ni, torí ibẹ̀ ni ìyá òun ti wá. Òun àti ìyàwó ẹ̀ ti lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan, ìyá náà sì ka oríkì títí, fóònù ń gbà á sílẹ̀. Ohùn yẹn ṣì wà nínú fóònù.