Ọkọ̀ Àtijọ́: Ṣé Ó Tó Gbára Lé Lójoojúmọ́?



Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan ní agbègbè Ojú Ore, ní Ọ̀tà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan lára wa fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Iléeṣẹ́ kan ní ojú ọ̀nà Ìdírókò ni ó ti ń ṣiṣẹ́; ní ọ̀sẹ̀ kan iṣẹ́ àárọ̀ ni, ní ọ̀sẹ̀ kejì iṣẹ́ òru. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mo fẹ́ gbà. Mo ti rí Peugeot 504 kan tí wọ́n fẹ́ tà. Ọkọ̀ bàbá kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ni, ara rẹ̀ sì ń dán. Owó tí mo ti kó jọ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó o. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi ní kí n má dán an wò, pé ọkọ̀ náà dàgbà ju èmi alára lọ. Kí ni ẹ rí sí i?"

N kò dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé ìbéèrè náà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Láti ìgbà tí iye náírà ti já wálẹ̀ ní ọdún 2023 ni ọkọ̀ tòkúnbọ̀ ti di ohun tí apá òṣìṣẹ́ kò fẹ́ẹ́ ká mọ́. Nítorí náà ni àwọn kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa ṣe ń yí ojú padà sí ọkọ̀ ayé àwọn bàbá wọn: 504, Volkswagen tí à ń pè ní Ìjàpá, àti Mercedes ọjọ́ pípẹ́. Ìdáhùn tí mo fún arákùnrin náà ni mo fẹ́ kọ síhìn-ín, kí ẹlòmíràn lè rí i lò.

Kí a tó sọ̀rọ̀ àléébù, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fún ọkọ̀ wọ̀nyí ní ẹ̀tọ́ wọn. Ọkọ̀ 504 kì í ṣe ọkọ̀ yẹpẹrẹ. Ọdún 1968 ni wọ́n gbé e jáde ní ilẹ̀ Faransé, òun ni a sì yàn ní ọkọ̀ tó tayọ jù lọ ní Yúróòpù fún ọdún 1969. Ní oṣù Kẹta ọdún 1975 ni iléeṣẹ́ tí ń to ọkọ̀ Peugeot bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kàdúná. Ní oṣù kan náà ni ti Volkswagen bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, tí Ìjàpá sì ń ti ibẹ̀ jáde. Ta ni ó gbọ́njú ní ilẹ̀ yìí ní àkókò náà tí kò mọ 504? Òun ni àwọn ọ̀gá ìjọba ń gùn, òun náà ni ó ń kó èrò láti ìlú dé ìlú. Ilé tí Ìjàpá bá wà níwájú rẹ̀ nígbà náà, àwọn aládùúgbò a máa fi júwe ọ̀nà fún àlejò.

Àwọn tí ó fẹ́ràn ọkọ̀ wọ̀nyí sì ní àwíjàre tí ó yẹ kí a gbọ́. Èkínní, ọ̀nà tí a gbà ṣe wọ́n kò díjú. Kò sí kọ̀ǹpútà nínú wọn. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ lè fi sípánà àti ojú inú rẹ̀ wá àìsàn ọkọ̀ rí lábẹ́ igi. Èkejì, 504 ga nílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń gba kòtò mọ́ra. Èyí kì í ṣe ohun kékeré fún ẹni tí ń gba ojú ọ̀nà Ìdírókò, níbi tí àwọn tírélà iléeṣẹ́ ti ń fi ìwúwo wọn ba ọ̀dà jẹ́. Ẹ̀kẹta, ọkọ̀ tí a tò ní Kàdúná kò ní kí a máa wá ìwé owó bodè rẹ̀ kiri. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé láti ẹnubodè orí ilẹ̀. Ẹni tí ó bá ra ọkọ̀ fàyàwọ́ nítorí pé owó rẹ̀ dín, ó ra ìpayà mọ́ ọn, nítorí pé bí ó bá rí aṣọ́bodè lọ́ọ̀ọ́kán, àyà rẹ̀ a máa já. Nínú èyí, ọkọ̀ àtijọ́ tí ìwé rẹ̀ pé sàn ju ọkọ̀ tuntun tí ìwé rẹ̀ kò mọ́ lọ, ní ojú òfin àti ní ojú ẹ̀sìn.

Gbogbo èyí jẹ́ òótọ́. Síbẹ̀, ìmọ̀ràn tí mo fún arákùnrin náà ni pé kí ó má rà á. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú èmi alára rí.

Mo ti ní Ìjàpá rí. Kì í ṣe pé ó wúlò fún mi ju òmíràn lọ. Bàbá mi ni ó ní irú rẹ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré, ìró ẹ́ńjìnnì rẹ̀ láti ẹ̀yìn kò sì kúrò ní etí mi. Oṣù márùn-ún àkọ́kọ́ dùn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ni ìròyìn kàn mí pé Àfáà tí ó kọ́ mi ní kéwú ní Abẹ́òkúta ti jáde láyé, wọn yóò sì kírun sí i lára lẹ́yìn ìrun Àìlà. Mo gbéra ní Ojú Ore kí oòrùn tó mú. Nígbà tí mo dé Wásinmi, okùn irin tí ó so ibi tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì já, ọkọ̀ mi náà sì sinmi níbẹ̀. Okùn yẹn kò wọ́n rárá. Àtirí i rà ni ìṣòro. Kí a tó rí ẹni tí ó ní àlòkù rẹ̀, ọ̀sán ti pọ́n. Nígbà tí mo fi máa dé Abẹ́òkúta, wọ́n ti sin Àfáà mi, àwọn ènìyàn sì ti ń fọ erùpẹ̀ kúrò lọ́wọ́. Mo ṣe àdúrà fún un ní ojú oórì, ṣùgbọ́n n kò sí nínú ìjọ tí ó kírun sí i lára, n kò sì lè dá ọjọ́ náà padà. Mi ò dá ọkọ̀ náà lẹ́bi. Arúgbó ni mo rán ní iṣẹ́ tí ó yẹ ọ̀dọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá ṣírò ohun tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ ẹni, nítorí iye tí a fi rà á kì í ṣe gbogbo owó rẹ̀. Ẹ mú ọ̀rọ̀ epo. Nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, 504 tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 2 lè jẹ tó lítà 12 epo bẹntiróòlù nínú ìrìn kìlómítà 100, nígbà tí ọkọ̀ kékeré òde òní lè jẹ bíi 7. Ká ní ẹnì kan ń rin kìlómítà 40 lójúmọ́, lọ àti bọ̀, ìyàtọ̀ náà jẹ́ lítà 2 lójúmọ́. Bí ó bá ń jáde fún ọjọ́ 22 nínú oṣù, ó di lítà 44. Kí ìjọba tó kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán, lítà kan kò tó náírà 200 nílé epo ìjọba, ènìyàn sì lè gbójú fo ìyàtọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2024, epo kọjá náírà 1,000 ní ibi púpọ̀. Bí a bá fi 1,000 ṣe ìṣirò, náírà 44,000 ni ọkọ̀ àtijọ́ ń fi gba owó jù lóṣù kan. Ẹ rántí pé náírà 70,000 ni owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí ní oṣù Keje ọdún 2024. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn epo ni ọ̀rọ̀ páàtì. Ọdún 2003 ni wọ́n to Ìjàpá ìkẹyìn ní Mẹ́síkò. 504 ìkẹyìn sì jáde ní ilẹ̀ wa ní ọdún 2006. Nítorí náà, púpọ̀ nínú páàtì tí a óò bá lọ́jà jẹ́ èyí tí wọ́n tú lára ọkọ̀ tí ó ti kú. Kì í ṣe irin nìkan ni ó ń gbó. Rọ́bà inú ìjánu ń gbó, páìpù omi ń gbó, wáyà iná ń gbó, bí a tilẹ̀ kun ara ọkọ̀ kí ó máa dán bí dígí. Àwọn mẹkáníìkì tí ó mọ kábúrétọ̀ dunjú náà ti ń dàgbà, ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ òde òní kò sì kọ́ ọ. Ọjọ́ kan tí ọkọ̀ bá dùbúlẹ̀ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì jẹ́ ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ pẹ́ dé ibi iṣẹ́, ọ̀gá rẹ̀ kò sì ní gba ìtàn 1975 ní àwíjàre.

Èyí tí ó tóbi jù lọ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Àwọn 504 àti Ìjàpá tí à ń rà láàárín wa kò ní àpò afẹ́fẹ́ tí ń tú jáde láti gba orí àti àyà ènìyàn nígbà ìjàǹbá. Nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn, kò sí bẹ́líìtì ní ìjókòó ẹ̀yìn, níbi tí a máa ń kó àwọn ọmọ wa sí. Ẹni tí ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀ láàárín àwọn tírélà, tí ìjánu ọkọ̀ rẹ̀ kò dá a lójú, ó ń fi ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan ta tẹ́tẹ́. Àmánà ni ẹ̀mí jẹ́ lọ́wọ́ wa. Ìgbẹ́kẹ̀lé nínú Ọlọ́hun kò ní kí a má so ràkúnmí mọ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti kọ́ ẹni tí ó bi í léèrè.

Nítorí náà, èrò tèmi rèé. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ kan ṣoṣo ni o ní agbára láti rà, tí iṣẹ́ rẹ, ìyàwó rẹ àti ọmọ rẹ yóò gbára lé e, má fi ọkọ̀ àtijọ́ ṣe é. Kò sí ìtìjú nínú kí o ṣì máa wọ kòrópe fún ọdún kan sí i, kí owó lè pọ̀ díẹ̀. Má sì torí ìkánjú lọ yá owó elélè. Ṣùgbọ́n bí o bá ti ní ọkọ̀ tí ń gbé ọ lọ síbi iṣẹ́, tí ọwọ́ rẹ sì yọ̀ǹda, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí o tọ́jú ọkọ̀ bàbá rẹ, kí o máa wà á jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, níwọ̀n ìgbà tí kò bá di ìná àpà tàbí ìgbéraga.

Ẹni tí ó bá sì fẹ́ rà á láìka gbogbo èyí sí, kí ó ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí. Kí ó mú mẹkáníìkì tirẹ̀ lọ, kì í ṣe ti ẹni tí ń tajà. Kí wọ́n ṣíná ọkọ̀ náà nígbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tutù, kí wọ́n wo èéfín rẹ̀: bí ó bá dúdú, epo ni ó ń jẹ ní àjẹjù, bí ó bá ní àwọ̀ búlúù, ọ́ìlì ni ó ń jó. Kí wọ́n wọ abẹ́ rẹ̀ lọ wo ìpẹtà àti ojú àlùrọ. Kí wọ́n wo nọ́ńbà ara irin bóyá ó bá ti inú ìwé mu. Kí wọ́n wo òǹkà mẹ́rin tí ó gbẹ̀yìn lára táyà: 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni a ṣe é. Táyà lè ní eyín kí ó sì ti gbó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tà á náà, ẹ fetí sílẹ̀. Ànábì wa ti ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ oníṣòwò kan lọ́jà, ọwọ́ rẹ̀ sì kan ọ̀rinrin nísàlẹ̀. Ó bi í léèrè ìdí tí kò fi gbé èyí tí ó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì yọ ẹlẹ́tàn kúrò lára àwọn tirẹ̀. Ẹni tí ó da ọ́ìlì tó ki sínú ẹ́ńjìnnì kí èéfín má baà hàn, tàbí tí ó fi ọ̀dà bo ìpẹtà, òkìtì oúnjẹ yẹn gan-an ni ó ń tà. Ẹ sọ àléébù rẹ̀, kí ẹ sì gba iye tó bá tọ́ sí i. Ìbùkún ń bẹ nínú rẹ̀.

Arákùnrin wa mú mẹkáníìkì lọ wo 504 náà. Wọ́n bá ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ mọ́ ara wọn lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Ẹni tí ń tà á dín owó rẹ̀ kù, ṣùgbọ́n kò rà á. Nígbà tí a tún pàdé, ó sọ fún mi pé bí òun bá ń kọjá níwájú ilé náà nínú kòrópe, òun ṣì máa ń yíjú wò ó. Mo ní kí ó máa wò ó. Wíwò kì í jẹ epo.

Kí Ọlọ́hun fi ohun tó dára tó sì mọ́ ta wá lọ́rẹ, kí Ó ṣọ́ àlọ wa, kí Ó sì ṣọ́ àbọ̀ wa. Àmín.