Kí ni Ojú Yóò Fi Mọ Pobè àti Sakété?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lè má dùn létí àwọn kan nínú wa, ṣùgbọ́n inú ẹgbẹ́ ni a ti í sọ irú rẹ̀.

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà ọlọ́dà láti Àjàṣẹ́ gòkè lọ sí Kétu yóò kọjá ní Sakété, yóò sì kọjá ní Pobè. Ní Àjàṣẹ́, kò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè ibi tí òun wà. Mọ́ṣáláṣí ńlá tí àwọn Àgùdà kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, tí iwájú rẹ̀ jọ ti ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ní Brazil, ti dá a lóhùn. Ní Kétu, Àkàbà Ìdènà ni yóò dá a lóhùn, ẹnu ibodè tí a fi amọ̀ mọ, pẹ̀lú ògiri àti yàrà ìlú. Àwọn ọmọ ogun Dàhòmì sun Kétu ní 1886, síbẹ̀ orúkọ ẹnu ibodè náà kò kúrò lẹ́nu ọmọ Kétu. Láàrin Àjàṣẹ́ àti Kétu ńkọ́? Pátákó etí ọ̀nà ni yóò sọ fún àlejò pé ó ti dé Sakété. Bí a bá fa pátákó náà tu, tí a rì í mọ́ ẹnu ọ̀nà ìlú mìíràn, àlejò wo ni yóò mọ̀?

Mo mọ èsì tí àwọn kan yóò fọ̀. Wọn yóò ní Ọlọ́run kò fún wa ní ohun tí ó fún Kétu. N kò gbà. Ohun tí a ní ni a ń fi ọwọ́ ara wa wó.

Ilẹ̀ pupa ni a tẹ̀dó sí, ní Pobè àti ní Sakété. Ilẹ̀ yìí kan náà ni àwọn baba wa pò, tí wọ́n fi ẹsẹ̀ gún, tí wọ́n mọ ní ìpele ìpele títí ó fi di ògiri, tí ilé àti ọ̀nà fi ní àwọ̀ kan náà. Ilé wọn kì í dá dúró bí àpótí. Agbo ilé ni: àgbàlá ní àárín, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí i ká, òpó gbé etí òrùlé ró. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni a ti ń parí ìjà, ibẹ̀ ni a ti ń gba àlejò, ibẹ̀ ni ìyàwó tuntun ti ń mọ ẹni tí í ṣe ìyá ọkọ àti ẹni tí í ṣe àbúrò ọkọ. Lẹ́yìn agbo ilé, ìta ni, ààyè gbalasa tí kì í ṣe ti ẹnì kan. Ẹ wo Ita-Djèbou ní Sakété, ìta ṣì wà nínú orúkọ rẹ̀ títí di òní. Ìta tí ó ga jù lọ ni ojúde ààfin, níbi tí ọba ti ń rí ọjà, tí ọjà sì ń rí ọba.

Ààfin gan-an kì í ṣe ilé ńlá lásán. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1921, sọ nípa kọ̀bì, àfikún ilé tí ó yọ síwájú lára ògiri ààfin. Ní Ọ̀yọ́, àmì ilé ọba ni. Ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ kọ́ ọ láìgba àṣẹ. Ẹni tí kò mọ ìwé kà rí kọ̀bì, ó mọ̀ pé ọba ń bẹ níbẹ̀, ó sì tún fìlà rẹ̀ ṣe.

Kí ni a wá ń kọ́ fún ọba lónìí ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, ní ìhà ìhín àti ní ìhà Nàìjíríà? Ilé alájà méjì tí ó jọ ti oníṣòwò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lówó. Òpó funfun roboto bí ti àwọn ará Gíríìkì. Kìnnìún sìmẹ́ǹtì méjì lẹ́nu ọ̀nà, bí ẹni pé kìnnìún ni ó tẹ ìlú náà dó. Èyí tí ó burú jù ni ògiri gíga àti géètì irin tí ó pín ààfin níyà pẹ̀lú ọjà. Àwa ọmọ ìlú ni a ń dá owó rẹ̀ láti Kútọnu, láti Èkó, láti Gabon, láti Paris, a sì ń pàtẹ́wọ́ ní ọjọ́ ìṣílé.

Ìwà yìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ìkẹ́rẹ́ lọ síbi àfihàn ńlá ní Wembley ní 1924, kò sì padà wálé mọ́. Ó wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní London. Àga tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Ọba ìgbà náà kúkú rí àga gbà. Àwa ń fi owó ara wa ra kìnnìún.

Wọn yóò ní amọ̀ kì í ṣe ohun ọlá, ilé tálákà ni. Amọ̀ ni ààfin Àgbómẹ̀, àwòrán tí ó wà lára ògiri rẹ̀ náà amọ̀ ni, UNESCO sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ohun ìní gbogbo ayé ní 1985. Òótọ́ ni pé òjò ń jẹ amọ̀, ó sì ń fẹ́ àtúnṣe lọ́dọọdún. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni padà sí òrùlé koríko tí iná ń jó. Páànù ti di tiwa, bí mọ́ṣáláṣí aláwòrán Brazil ti di ti Àjàṣẹ́. Ohun àjèjì kọ́ ni mo ń bá jà. Àwọn Àgùdà mú ọgbọ́n tí wọ́n kọ́ lókè òkun wá, wọ́n sì fi ṣe ohun tí a kò lè rí níbòmíràn. Tiwa ni pé a ń ra ohun tí ó wà níbi gbogbo.

Ẹ má sì jẹ́ kí a fi ìwé ìjọba tan ara wa. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Benin dìbò fún òfin lórí oyè ìbílẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2025, inú wa sì dùn. Ṣùgbọ́n òfin kò mọ ògiri. Ní Èkó, ilé Ilojo Bar, iṣẹ́ àwọn Àgùdà bákan náà, ti wà nínú ìwé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, katakata wó o palẹ̀.

Nítorí náà, mo béèrè nǹkan mẹ́ta lọ́wọ́ ẹgbẹ́ yìí. Kí a má ṣe dá kọ́bọ̀ kan mọ́ fún kíkọ́ tàbí títún ààfin ṣe, àyàfi bí àwòrán ilé náà bá ti wá síwájú gbogbo wa, tí a sì rí ojúde gbalasa, ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti àgbàlá nínú rẹ̀. Kí a rán àwọn ọ̀dọ́ wa tí ó mọ iṣẹ́ ilé yíyà kí wọ́n wọn gbogbo agbo ilé alámọ̀ tí ó ṣẹ́kù ní Pobè àti Sakété, kí wọ́n yà wọ́n sínú ìwé, kí wọ́n sì gba orúkọ apá kọ̀ọ̀kan lẹ́nu àwọn àgbà tí ó ṣì mọ̀ ọ́n. Ẹ̀kẹta kò ná wa ní nǹkan kan: níbi tí a bá ti fi géètì dí ojúde, kí a lọ bẹ Kábíyèsí kí wọ́n jẹ́ kí a yọ ọ́, kí ọjà tún lè rí wọn.