Ilé Tiwa Ni Kí A Kọ́ Ẹ̀rọ Láti Yà

Àwọn baba wa a máa wí pé ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni, kò sì bá ọ̀ràn ọmọ ìkókó nìkan mu. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ fún ohun kan ní ìwọ̀n àti ìrísí, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wo ibi tí ohun náà yóò gbé jókòó. Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ fi ṣe àtùpà lónìí bí a ti ń yẹ ọ̀ràn kan wò, èyí tí ó kan àwọn olùkọ́ wa, àwọn ọ̀dọ́ wa, àti gbogbo ẹni tí ń fẹ́ kí orílẹ̀-èdè yìí fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ìwà ara rẹ̀ ṣe. Ọ̀ràn náà ni ti yíya àwòrán ilé lórí kọ̀ǹpútà.

Ní ayé ìsinsìnyí, kì í ṣe orí bébà nìkan ni a ti ń ya ilé mọ́. Àwọn ètò kọ̀ǹpútà wà tí ènìyàn lè fi mọ ògiri, kí ó fi ṣí fèrèsé, kí ó sì rìn nínú ilé náà pẹ̀lú ojú rẹ̀ kí bíríkìlà tó to búlọ́ọ̀kù kìíní. Ọ̀kan nínú wọn ni Sweet Home 3D, tí ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Emmanuel Puybaret, gbé jáde ní 2006, tí ènìyàn sì lè gbà láìsan kọ́bọ̀. Òmíràn ni SketchUp, tí ilé-iṣẹ́ kan ní ìlú Boulder ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2000, tí Google rà ní 2006, tí Trimble sì rà lọ́wọ́ Google ní 2012.

Àwọn ọ̀dọ́ wa mọ ètò wọ̀nyí, àwọn mìíràn nínú wọn sì ń fi wọ́n jẹun. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ kan náà ni wọ́n ń rò ṣáá: pé ògiri kò pàdé, pé yàrá kò gbà láti di yàrá, pé ilẹ̀kùn dúró ṣùgbọ́n kò ṣe é gbà kọjá. Wọ́n a ní ẹ̀rọ náà ni kò dára. Lójú tiwa, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ a máa ṣe ohun tí a bá sọ fún un, kò ní dín, kò ní lé. Níbi tí a kò bá sì ti sọ ohunkóhun, ohun tí ẹni tí ó ṣe é ti sọ fún un nílẹ̀ tirẹ̀ ni yóò ṣe. Nínú ohun méjì yìí, àìlétò tiwa àti ìdákẹ́ tiwa, ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àṣìṣe inú àwòrán ti ń hù jáde.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìdákẹ́ wò ná. Bí ènìyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí Sweet Home 3D, tí ó sì ń fi sẹ̀ǹtímítà wọn nǹkan, ògiri tí ètò náà yóò kọ́kọ́ fún un nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 7.5, ó sì ga ní sẹ̀ǹtímítà 250. Ta ni ó ń fi ògiri sẹ̀ǹtímítà 7.5 kọ́ ilé gbígbé ní ilẹ̀ wa? Búlọ́ọ̀kù ìǹṣì 9 tí àwọn bíríkìlà wa ń lò jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 22.5; ti ìǹṣì 6 jẹ́ 15. Ẹ wá ṣírò rẹ̀. Bí ilé kan bá ní ògiri mẹ́rin tí ó tò tẹ̀ léra láti ẹ̀gbẹ́ òsì dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, tí a ó sì fi búlọ́ọ̀kù ìǹṣì 9 mọ gbogbo wọn, sẹ̀ǹtímítà 15 ni àwòrán fi tàn wá jẹ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó di 60, èyí tí ó súnmọ́ ẹsẹ̀ bàtà 2. Ilẹ̀ kì í sì í nà bí rọ́bà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí a fi ẹsẹ̀ bàtà 4 sí lórí àwòrán lè di ẹsẹ̀ bàtà 2 nígbà tí a bá kọ́ ọ tán, bẹ́ẹ̀ ni a kò tíì ka sìmẹ́ńtì tí a ó fi rẹ́ ògiri mọ́ ọn. Ní ọjọ́ tí a bá fẹ́ gbé aláìsàn gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ bẹ́ẹ̀ jáde, ta ni a ó fẹjọ́ sùn?

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ya ilé kò gbọdọ̀ fa ìlà kan títí yóò fi wọ ibi tí a ti ń yan ìwọ̀n, kí ó sì sọ bí ògiri tirẹ̀ yóò ti nípọn tó àti bí yóò ti ga tó. Kí ó yan ìwọ̀n kan ṣoṣo, kí ó sì dúró tì í. Nítorí bí ó bá ní ìǹṣì 9 lọ́kàn, tí ó sì kọ 9 sí ibi tí ẹ̀rọ ti ń retí sẹ̀ǹtímítà, ẹ̀rọ kò ní bi í léèrè. Ògiri tí kò tó ìdajì èyí tí ó ń fẹ́ ni yóò kàn mọ fún un.

Ọ̀nà àṣìṣe mìíràn ni ti àwòrán àtijọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa ya fọ́tò pílánù ilé tí ó wà lórí bébà, wọn a tẹ́ ẹ sí abẹ́ iṣẹ́ wọn nínú ètò náà, wọn a sì máa tọ ìlà rẹ̀. Ọ̀nà tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n ètò náà yóò béèrè kí a fa ìlà kan lórí fọ́tò náà, kí a sì sọ gígùn rẹ̀ fún un, kí ó lè mọ ìwọ̀n ìyókù. Níhìn-ín ni ìkánjú ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Bí a bá fi ẹnu ọ̀nà tí ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 90 ṣe ìwọ̀n, tí ọwọ́ wa sì fi sẹ̀ǹtímítà 3 péré ṣìnà, àṣìṣe náà yóò di sẹ̀ǹtímítà 60 lórí ilé tí ó gùn ní mítà 18. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ gbogbo gígùn ilé náà ni a fi ṣe ìwọ̀n, sẹ̀ǹtímítà 3 náà yóò wà ní sẹ̀ǹtímítà 3. Ìlà tí ó gùn jù lọ lórí pílánù ni kí a máa fi ṣe ìwọ̀n nígbà gbogbo.

Ẹ jẹ́ kí a wá yà sí ọ̀dọ̀ àìlétò. Nínú Sweet Home 3D, bí ògiri bá yí ààyè kan ká pátápátá, kí a tẹ àárín rẹ̀ lẹ́ẹ̀méjì ni ètò náà yóò fi tẹ́ ilẹ̀ yàrá síbẹ̀. Bí àlàfo kan bá wà, kò ní ṣe é bí a ti fẹ́. Lókèèrè, ó lè jọ pé igun méjèèjì ti fẹnu kanra. Ṣùgbọ́n bí a bá mú kí àwòrán náà tóbi sí i lójú wa, a ó rí ihò tí eku lè gbà. Kí a fa orí ògiri kan títí yóò fi so mọ́ orí èkejì, ọ̀ràn tán. Bákan náà ni ti ilẹ̀kùn tí a mú wá láti ibòmíràn, tí ó dúró lójú ògiri ṣùgbọ́n tí ògiri kò ṣí fún un. Ètò náà rò pé àga tàbí àpótí ni. Nígbà tí a bá ń mú un wọlé ni kí a ti fi yé e pé ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé ni, yóò sì gé ògiri fún un.

Òfin SketchUp tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbẹ̀, ojú ògiri tàbí ti òrùlé kò ní kún àfi bí gbogbo ìlà etí rẹ̀ bá pàdé, tí gbogbo wọn sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní tí a tẹ́ sílẹ̀. Bí igun kan bá gbé sókè díẹ̀, ihò ni a ó máa wò. Ìwòsàn méjì ni a mọ̀ fún èyí. Èkíní, a lè sọ fún ètò náà kí ó kun ìlà kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ ìhà tí ó kọjú sí. Èyí tí kò bá gba àwọ̀ bí ó ti yẹ ni ó wọ́. Èkejì, kí a fa ìlà láti igun kan dé igun tí ó dojú kọ ọ́, kí ó pín ààyè náà sí méjì. Apá tí ó bá kún, ara rẹ̀ le. Apá tí kò bá kún, ibẹ̀ ni àrùn wà, kí a sì tún un pín títí a ó fi mú ìlà náà. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe ti SketchUp nìkan. Olùkọ́ ìṣirò yóò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni a ti ń wá ibi tí iṣẹ́ ti wọ́.

Nínú SketchUp kan náà, ohun tí ó bá fara kan ara wọn a máa lẹ̀ mọ́ra. Ẹni tí ó bá ya tábìlì sí ara ògiri, tí ó sì fẹ́ sún tábìlì náà, yóò bá a pé ògiri ń tẹ̀ lé e. Bí a bá ti parí ohun kan, kí a dì í ní ìdìpọ̀ tí ètò náà ń pè ní group kí a tó bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Kò sí káfíńtà tí í kan ẹsẹ̀ tábìlì mọ́ ògiri onílé.

A ti sọ ti ìwọ̀n. Ó ku ti oòrùn. Sweet Home 3D ní àmì kan lórí àwòrán tí ń tọ́ka sí ìhà àríwá. Ibẹ̀ ni a ti ń sọ ìlú tí ilé náà wà fún un, ibẹ̀ náà ni ó sì ti ń mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ yóò gbà wọlé nínú àwòrán tí ó bá yà, gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ àti wákàtí tí a bá yàn. Bí a kò bá sọ fún un pé Ìbàdàn tàbí Kánò ni, oòrùn ìlú onílùú lè tàn sínú ilé wa. Ní Páríìsì, ìhà gúúsù ni oòrùn ọ̀sán ń gbé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà, oòrùn ọ̀sán a máa ré kọjá sí ìhà àríwá ní oṣù kẹfà, a sì padà sí ìhà gúúsù ní oṣù kejìlá. Ẹni tí ó bá gbà gẹ́gẹ́ bí ará Yúróòpù pé òjìji ni ìhà àríwá ilé títí láé, tí ó sì ṣí fèrèsé ńlá síbẹ̀ láìsí ìbòjú, ooru ni yóò fi ṣe ẹ̀bùn fún onílé.

Àwọn kan yóò wí pé eré ọmọ olówó ni gbogbo èyí, pé iná mànàmáná kò dúró, pé pẹ́ńsù àti rúlà tó ọmọ ilé-ìwé. A kò bá wọn jà lórí pẹ́ńsù. Àwa náà fẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ fi téèpù wọn kíláàsì tí ó jókòó sí, kí ó yà á sórí bébà, kí ó tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n bí ètò kan bá ti wọ inú kọ̀ǹpútà, tí kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì láti ṣiṣẹ́, bí Sweet Home 3D ti rí, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ní ilé-ìwé lè sin ọmọ púpọ̀ ní ìpín-ìpín. Ìṣirò, ìmọ̀ ojú ayé àti iṣẹ́ ọwọ́ yóò sì pàdé nínú ẹ̀kọ́ kan náà.

A sì tún ní láti kìlọ̀. Ilé inú kọ̀ǹpútà kò wúwo. Ẹ lè gbé yàrá mẹ́ta sí òkè láìfi òpó kankan sí abẹ́ rẹ̀, ètò wọ̀nyí kò ní bá yín wí. Wọn kò mọ agbára irin, wọn kò mọ bí ilẹ̀ àbàtà ti rí. Ayàwòrán ilé tí ìjọba fún ní àṣẹ àti ẹnjiníà wà láàyè wọn síbẹ̀síbẹ̀, kò sì sí àwòrán dídán tí ó lè gba ipò wọn.

Kí wá ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún? Kì í ṣe pé kí a kọ ohun òkèèrè sílẹ̀. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ènìyàn wa tí wọ́n ti oko ẹrú Brazil padà sí Èkó mú ọgbọ́n ìkọ́lé bọ̀. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí a ṣí ní 1894, iṣẹ́ ọ̀kan nínú wọn ni, João Baptista da Costa. Ọgbọ́n náà ti òkèèrè wá, ṣùgbọ́n ọwọ́ tiwa ni ó lò ó, ó sì di ti Èkó. Ní 2023, ní ìpàtẹ iṣẹ́ ìkọ́lé ní Venice ní Ítálì, a fi Kìnnìún Wúrà dá Demas Nwoko, ọmọ Nàìjíríà, lọ́lá fún iṣẹ́ gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Erùpẹ̀ ilẹ̀ yìí àti afẹ́fẹ́ ilẹ̀ yìí ni ọkùnrin náà fi ọgbọ́n lò nínú ilé tí ó kọ́.

Ọ̀nà kan náà ṣí sílẹ̀ fún wa. Ìwé àṣẹ Sweet Home 3D gba ẹnikẹ́ni láyè láti yẹ inú rẹ̀ wò, láti tún un ṣe, àti láti pín in fún ẹlòmíràn. Irinṣẹ́ tí a fi ń ṣe àkójọ ohun èlò ilé tuntun sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín wọn fèrèsé onírin, tánkì omi orí òpó, ààrò ẹ̀yìnkùlé, àti àkòdì àgbo ilé tí àwọn àgbà ń gbé jókòó. Kí wọ́n yà wọ́n, kí wọ́n sì kó wọn jọ fún ìlò gbogbo ènìyàn, ní orúkọ tí a ń pè wọ́n nílé. Ọmọ tí ó bá ń fi ògiri àti oòrùn ẹlòmíràn ya ilé baba rẹ̀ yóò dàgbà tán, yóò sì máa rò pé ilé baba rẹ̀ ni kò bá ìwọ̀n mu. Ọwọ́ yín ni ó wà láti má ṣe jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀.